Bọ́tìnì Aláwọ̀ Ewé

Láti oṣù kọkànlá ni bátìrì Ládà ti ń sùn nínú ilé,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bí àlejò tí kò lẹ́nu.
Òtútù Gyumri kò mọ ojú ẹnì kankan.

Ọwọ́ òsì baba mi kú lọ́jọ́ tí à ń wú kárọ́ọ̀tì.
Òsì sì ni wọ́n fi ihò kọ́kọ́rọ́ Ládà sí.
Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí kò ro ti Sedrak.
A máa na ọwọ́ ọ̀tún kọjá ìdí sítíárìn
bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sẹ́yìn àga;
kọ́kọ́rọ́ á yí dé ààbọ̀, á dúró.
"Tà," lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tán.

Hrant mẹkáníìkì ní, "Ẹ tà á fún onírin àlòkù."
Baba mi ò fèsì. Ó tutọ́ sórí yìnyín.

Èmi Zaruhi, tó fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
ní bí iná ṣe ń rìn, tó ń fi ẹfun ya wáyà sára pátákó,
n ò fọwọ́ kan wáyà gidi rí, àfi ti áyọ́ọ̀nù.
Mo tú ìdí kọ́kọ́rọ́. Irin inú rẹ̀ ti jó dúdú
bí eyín amusìgá.
Ogójì ọdún ni gbogbo iná sítátà fi ń gba ọ̀nà tóóró yìí kọjá,
ẹrù erin lórí ẹ̀ka ata.

Mo bá la ọ̀nà mìíràn.
Wáyà pupa kan, láti ìdí fíúsì,
ó gba inú ihò tí mo fi rọ́bà wé létí, kí irin má baà gé e,
ó dé ọ̀dọ̀ bọ́tìnì, ó jáde, ó lọ kan rílè léjìká:
rílè ni yóò gbé èyí tó wúwo.
Iṣẹ́ ni bọ́tìnì ń jẹ́, kì í ru ẹrù.
Kọ́kọ́rọ́ ṣì ni ó ń ṣílẹ̀kùn,
àmọ́ kì í ṣe òun ló ń jí onílé mọ́.

Ẹ bi mí níbi tí mo ti rí bọ́tìnì ọ̀hún.
Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà lẹ́yìn ojú irin,
èyí tí ilẹ̀ mì tó wó lápá kan,
níbẹ̀ ni ìyá mi Araxie ti fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo
jí ẹ̀rọ mẹ́fà láràárọ̀ fún ọdún méjìlélógún.
Nígbà tí wọ́n ń ta irin ibẹ̀ ní kílò-kílò,
ó yọ ọ̀kan sápò, ó jù ú sínú agolo bọ́tìnì ẹ̀wù.
"Ṣebí bọ́tìnì lòun náà ń jẹ́."
Àárín rẹ̀ ti jìn díẹ̀, ìwọ̀n ìka rẹ̀.

Mo dè é síbi tí agolo eérú sìgá wà, lápá ọ̀tún.
Mo gbé bátìrì jáde nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì bí ọmọ ìkókó.
Baba mi jókòó. Ó wo bọ́tìnì. Kò bi mí.
Ó mọ̀ ọ́n.
Ó tẹ̀ ẹ́.

Mo ti gbàgbé gíà.
Ládà fò bí ewúrẹ́ tí agbọ́n ta,
ó forí sọ àgbá kábéèjì oníyọ̀ wa,
omi kíkan ya bo àgbàlá,
ajá Hrant sá wọ ilé onílé.
Olùkọ́ fíṣíìsì! N ò ríbi gbójú sí.
Baba mi fi ìdajì ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín
títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Mo dá gíà padà sáàárín.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹnjìnnì kérora, ó wúkọ́,
ó gbà.

Kì í wakọ̀ mọ́. Dókítà kọ̀ fún un, èmi náà sì kọ̀.
Ṣùgbọ́n láago méje, kí omi tíì tó hó,
nígbà tí mo bá ti gbé bátìrì jáde fún un,
mo máa ń gbọ́ ilẹ̀kùn Ládà,
lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ kan tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ,
àtàǹpàkò nínú ojú àtàǹpàkò,
kí ariwo tó dé.

Owó epo ń lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ.
Mo ti ra àgbá kábéèjì mìíràn.
Ẹ̀yìn ilé ni mo gbé e sí.